Búrẹ́dì Tí Ẹja Kọ̀

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi wọlẹ̀ sùn: ọjọ́ tí mo ṣèlérí lórúkọ ẹja láìbi ẹja léèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀ ná.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, mo wà nílé ní Ìkẹ́rẹ́, mi ò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju kí n máa fi ìwọ̀ pẹja. Kì í ṣe pé mò ń pa á tà o. Ìdíje ni tèmi. Àwa ọ̀dọ́ kan máa ń pàdé létí dáàmù kan lọ́nà Emùré, a ó ju ìwọ̀ sómi, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù lórí òṣùwọ̀n ló borí. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀, mo sì máa ń nà wọ́n dáadáa. Bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kí àlejò gbọ́ nǹkan tí mò ń ṣe. Tí wọ́n bá bi í pé ọmọ rẹ ńkọ́, á ní mo ń retí iṣẹ́ ìjọba.

Ìdíje ńlá kan wá fẹ́ wáyé létí òkun. Mo fẹ́ lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé orí mi sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ọparun ni mò ń lò, àwọn tó ń bọ̀ níbẹ̀ á mú ọ̀pá òyìnbó tó ń fúnra rẹ̀ ká okùn wá, bàbá mi sì ti búra pé kọ́bọ̀ òun ò ní bá ẹja lọ. Àfi kí n wá onígbọ̀wọ́. Mo rìn ká Ìkẹ́rẹ́ títí. Ẹnì kan tó ń ta fóònù ní kí n padà wá nígbà tí mo bá di agbábọ́ọ̀lù. Oníkẹ́míìsì kan tilẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí mi wò bóyá ibà ni.

Ìyá mi ló ní kí n lọ bá Díákónì. Díákónì yìí ló ni ilé búrẹ́dì àdúgbò wa, ìjọ kan náà la jọ ń lọ, ìyá mi sì ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé. A lọ kí i lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi látòkè délẹ̀. Bàbá náà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni èyí kan búrẹ́dì òun?

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yá ju ọpọlọ mi lọ. Mo ní, "Dádì, búrẹ́dì la máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Tiyín gan-an sì ni ẹja fẹ́ràn jù. Tí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, ìjà ni wọ́n máa ń jà sí i."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Epìyà a máa jẹ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n mi ò fi ti Díákónì pẹja rí, àwa gan-an ò sì jẹ ẹ́ nílé, torí bàbá mi ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá mi wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó jí ìwé wò. Inú Díákónì dùn dé góńgó. Ó ní òun á ra ọ̀pá tuntun fún mi, òun á fún mi lówó ọkọ̀ dé etí òkun, bí mo bá lè fi han gbogbo ayé ní dáàmù ní Sátidé tó ń bọ̀.

Mo rò pé àsọdùn ni "gbogbo ayé". Àṣé kò sọ àsọdùn. Ọkọ̀ búrẹ́dì ló gbé wá, ó kó ẹgbẹ́ akọrin wa sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ wọn, ó tún bẹ oníkámẹ́rà kan lọ́wẹ̀. Ó ti tẹ ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹja kan ń gé búrẹ́dì jẹ níwájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ pé "ẸJA PÀÁPÀÁ MỌ ADÙN". Tèmi gùn dé orúnkún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró létí omi ni Díákónì ń pín búrẹ́dì fún.

Mo fi búrẹ́dì sẹ́nu ìwọ̀, mo jù ú sómi. Ó yọ́. Mo fi òmíràn sí i. Òun náà yọ́. Ẹja kan tiẹ̀ yọjú sókè, ó fi imú ti búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn akọrin ń kọ orin ìkórè lẹ́yìn mi, àwọn akẹgbẹ́ mi sì ń fa epìyà sókè lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wá sọ ọ́ ketekete pé bí ẹja ò bá jẹ ẹ́, kí ẹni tó bímọ tún inú rò. Mo wẹ̀yìn wo Díákónì, ẹ̀rín ti ń gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo rí ìrìn àjò mi sí etí òkun tó ń yọ́ lọ pẹ̀lú búrẹ́dì yẹn.

Mo ní mo fẹ́ lọ gbọnsẹ̀. Mo gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń fi ìka walẹ̀. Àwọn àgbà ní ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo júbà ilẹ̀ nítorí ekòló. Mo rí àwọn tó sanra. Ibo ni kí n wá kó wọn sí? Mi ò ní agolo, mi ò ní àpò. Ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Mo tò wọ́n sáàárín búrẹ́dì bí ẹni ń fi sadíìnì sí i, mo padà sí àyè mi tìrọ̀rùntìrọ̀rùn.

Mo yọ ekòló kan, mo fi sẹ́nu ìwọ̀, kò pẹ́ tí okùn fi nà. Àrọ̀ ni, ó tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí wọmi. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò sí tẹnikẹ́ni tó tó o. Orin búrẹ́kẹ́, Díákónì jó títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi náà ń jó, torí etí òkun ti dé ọwọ́ mi báyìí.

Díákónì wá pe oníkámẹ́rà sún mọ́ ọn. Ó ní ohun tí ẹja lè kú nítorí rẹ̀, kò yẹ kí ọmọ ènìyàn fi du ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rá tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo nawọ́ kí n gbà á. Mo ní, "Dádì, ẹ mú òmíràn, èyí ti tutù."

Ó ní, "Rárá. Èyí tí ẹja jẹ gan-an ni mo fẹ́ jẹ."

Ó gé e jẹ. Àbọ̀ ekòló rọ̀ sí i létè, ó ń mì. Orin dákẹ́ wẹ́lo, àfi ìyá kan tó di ojú tó ṣì ń bá tirẹ̀ lọ. Oníkámẹ́rà ò sì dáwọ́ dúró, ọmọ burúkú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó mọ́, fídíò náà ti dé orí fóònù gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ní ekòló ń bẹ nínú búrẹ́dì Díákónì. Àwọn onísọ́ọ̀bù ń dá búrẹ́dì padà. Ìyá mi kì í sọ èdè Ìkẹ́rẹ́ sí wa àyàfi tí inú bá bí i; lọ́jọ́ náà, ó ní kí n má wọ ulé òun títí n ó fi lọ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí mo dé ilé búrẹ́dì, àwọn obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun jókòó síta, wọ́n káwọ́ gbera. Ẹ̀rín tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kúrò lára mi pátápátá. Ojú tì mí, ó dùn mí dọ́kàn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Díákónì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti jẹ búrẹ́dì mi rí?"

Mo ní rárá.

Ó gbé odindi kan wá, ó ní kí n jókòó jẹ ẹ́. Kò sí tíì, kò sí bọ́tà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn. Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, kí n dúró lẹ́nu géètì, kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé èmi ni mo kó ekòló sínú búrẹ́dì. Oníkámẹ́rà yẹn náà ló tún yà á.

Wọ́n wá wò mí bí ẹni wo ọ̀bọ. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Ekòló. Àwọn ọmọ ilé ìwé á yà kí mi, àwọn àgbà á ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró rẹ́rìn-ín tán, ojú á tì í láti lọ lọ́wọ́ òfo, á ra ẹyọ kan. Nígbà tó yá, búrẹ́dì ń tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Díákónì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó ra ọ̀pá náà fún mi, ó fún mi lówó ọkọ̀. Ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Ekòló ni kó o mú dání o. Mi ò fẹ́ rí búrẹ́dì mi létí omi mọ́ láyé."

Létí òkun, bàtà kan péré ni mo fà jáde, ẹsẹ̀ òsì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́n bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá onígbọ̀wọ́, kò sí onígbọ̀wọ́ tó bìkítà fún ẹja yín. Àwọn èèyàn tó ń dúró wò yín ló ń wá. Bó bá bi yín léèrè ohun tí iṣẹ́ yín kan ọjà rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dáhùn. Ní tèmi, títí di òní, tí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, mo máa ń ṣí i wò lẹ́yọ lẹ́yọ kí n tó sanwó. Ẹni tó ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí kì í fọkàn tán ọmọ aráyé.