Ìrìn-àjò Sàláwù sí Bàhámà

Sàláwù dùbúlẹ̀ gbalaja sí àárín ṣọ́ọ̀bù.

Orí ẹní ló wà o. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi awò dúdú sójú, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn orí. Fáànù tábìlì mẹ́ta ló tò yí ara rẹ̀ ká, gbogbo wọn ń fẹ́ ẹ: fùùù, fùùù, fùùù.

Oníbàárà kan yọjú wọlé, ó rí i, ó ké "Hẹ̀ẹ́!", ó sá jáde. Ó rò pé ọkùnrin náà ti kú.

Mùínàt ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́.

"Bàbá Ganiyat, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kọ́ ọ ni."

"Ẹ ń kọ́ kí ni?"

"Ìsinmi etí òkun. Báyìí làwọn òyìnbó ṣe ń dùbúlẹ̀ sí i. Wọn kì í mira. Jọ̀ọ́, bá mi po omi iyọ̀ díẹ̀, kí o dà á sí mi lẹ́sẹ̀, kó lè jọ ọ́ dáadáa."

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti dé ìgboro nígbà náà. Ẹni tí kò ní tábìlì nílé ń ra tẹlifíṣọ̀n, á gbé e lé orí odó. Ẹni tí iná ìjọba kò tíì dé àdúgbò rẹ̀ ń ra fáànù. Ajárá, létí Badagry, ni Sàláwù ti ń ta gbogbo nǹkan wọ̀nyí, owó sì wọlé fún un wàràwàrà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra mọ́tò. Àwọn mìíràn fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Sàláwù ní tirẹ̀, kàlẹ́ńdà kan ló bà á jẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kan ló fún un ní kàlẹ́ńdà náà lọ́dún tuntun. Òkun wà nínú rẹ̀, ó búlúù, yanrìn funfun báláú, òyìnbó kan sì nà sílẹ̀ lábẹ́ àgbọn. Òyìnbó náà kò ṣe nǹkan kan. Kò jẹun, kò ka ìwé, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tó wu Sàláwù nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wádìí etí òkun gbogbo àgbáyé bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ gbọ́dọ̀ bá a mú ìwé aláwòrán wá. Ó tọ Tíṣà Ọ̀ṣuntóyìn lọ, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ àti omi.

"Tíṣà, òkun wo ló dára jù láyé?"

"Fún kí ni? Fún ẹja ni tàbí fún ọkọ̀?"

"Fún ìdùbúlẹ̀."

Tíṣà fi ìwé máàpù kan tó ní àwòrán hàn án. Wọ́n kọ́kọ́ dé Hàwáì. Nígbà tí Sàláwù gbọ́ pé òkè kan wà níbẹ̀ tó ń pọ iná, ó ṣí ìwé náà síwájú kíá. Wọ́n dé Ríò ní Bùràsíìlì. Àwọn obìnrin tó wà nínú àwòrán ibẹ̀ kò wọ ju okùn lọ. Sàláwù ní irú ibẹ̀ kò yẹ Mùsùlùmí. Ó fi odindi ọ̀sán kan wo àwòrán náà, kó lè dá a lójú pé kò yẹ kóun lọ.

Wọ́n dé etí òkun ilẹ̀ Faransé. Tíṣà ní òkúta ló pọ̀ níbẹ̀ ju yanrìn lọ.

"Kí n lọ dùbúlẹ̀ sórí òkúta? Ṣé ata ni mí ni?"

Bí wọ́n ṣe dé Bàhámà nìyẹn. Sàláwù pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè. Bàhámà! Ó kún ẹnu. Ibẹ̀ yá.

Ohun tó ń bí Mùínàt nínú ni pé òkun kò jìnnà sí wọn rárá. Ẹ wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, ẹ rìn gba inú oko àgbọn, òkun nìyẹn! Sàláwù kò dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọjọ́ tó nà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Mùínàt tún sọ ọ́ sí i létí.

"Òkun tiwa?" Ó yínmú. "Òkun apẹja nìyẹn. Òkun ìsinmi ni mò ń wí."

"Omi kan náà mà ni!"

"Kan náà kẹ̀? Wo àwọ̀ tinú kàlẹ́ńdà. Tiwa dà bí omi tí wọ́n fi fọ ṣòkòtò mẹkáníìkì."

"Ó dáa, èmi náà á bá yín lọ sí Bàhámà ọ̀hún."

"Ìyá Ganiyat, ìsinmi ni mò ń lọ fún. Tí o bá tẹ̀ lé mi, kí ni mo wá fẹ́ sinmi kúrò lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mùínàt wò ó láti òkè délẹ̀. Ó kàn gbé abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ padà sílé.

Sàláwù gba físà, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ajárá tú jáde láti sìn ín. Àwọn àfáà ṣe àdúà títí ohùn fi há. Àwọn ará Ìmẹ̀kẹ̀, ìlú kejì, pàápàá wá wo ojú ẹni tó ń lọ Bàhámà. Sàláwù juwọ́ láti inú mọ́tò bí ọba tuntun, ó di Ìkẹjà.

Kò tíì fojú kan bàálù rí nítòsí. Bó ṣe dé pápákọ̀, ọ̀kan gbéra.

GBÙÙÙÙRÙRÙRÙRÙÙÙ!

Sàláwù bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́, ó fi ọwọ́ bo orí.

Ó sún mọ́ ọmọbìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan yẹn, kí ló gbé e dúró lókè?"

"Afẹ́fẹ́ ni, sà."

"Afẹ́fẹ́ nìkan?"

"Afẹ́fẹ́ nìkan, sà."

Ha! Ẹni tó ń ta fáànù ni wọ́n ń sọ èyí fún! Sàláwù mọ afẹ́fẹ́. Ó mọ bó ṣe ń dáwọ́ dúró nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó ní òun ń lọ tọ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà ní pápákọ̀ náà títí di òní olónìí.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ padà sí Ajárá? Ojú wo ló fẹ́ fi wo àwọn àfáà? Ojú wo ló fẹ́ fi wo Mùínàt?

Ó wọ mọ́tò padà sí Badagry, ó fara pamọ́ sínú igbó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, ó sì kan ilẹ̀kùn apẹja kan létí òkun. Zinsu lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ègùn ni.

"Zinsu, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wà níbí."

"Ibo lẹ wà nígbà náà, ọ̀gá?"

"Mo wà ní Bàhámà."

Zinsu wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé lórí yanrìn.

"Gánjí. Kò burú. Ẹ káàbọ̀ sí Bàhámà. Ẹ má ṣe tọ̀ sídìí ọkọ̀ mi."

Ìgbádùn wá dé! Ẹja tútù láàárọ̀, omi àgbọn lọ́sàn-án. Sàláwù á fi ìpara funfun kun ojú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé aláwòrán, á wọ ṣòkòtò péńpé, á nà sílẹ̀ gbalaja. Àwọn aya apẹja ń pè é ní Yòvó, ìyẹn òyìnbó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò kàn án. Kò ṣe nǹkan kan rárá, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Mọ́ńdè Ísítà.

Sàláwù gbọ́ ohùn obìnrin láti inú oko àgbọn. Ó gbé orí sókè. Yéè! Mùínàt ló ń bọ̀ yìí, ó dé fìlà koríko tó fẹ̀ bí atẹ. Nurat àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòòrùn ńlá kan. Gbọ́lágadé àbúrò wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ru kúlà oúnjẹ sórí.

"Ìsinmi tí ọkọ mi lọ ń ṣe ní Bàhámà," ni Mùínàt ń pariwo, "èmi náà á ṣe é níbí! Àá jẹ, àá mu, àá nà sílẹ̀!"

Sàláwù wo iwájú: òkun. Ó wo ẹ̀yìn: ìyàwó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Gbìrìgbìrì, bí òkété! Ó wọ inú ihò, ó wọ́ yanrìn bo ara rẹ̀ látọrùn dé ẹsẹ̀, ó fi èèpo àgbọn bo ojú. Imú nìkan ló kù níta.

Etí òkun náà gùn lọ dé Kútọnú. Ṣé ẹ mọ ibi tí Mùínàt dúró sí?

"Ibí yìí dáa," ló wí.

Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Sàláwù ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. Òórùn ìrẹsì wọ ihò imú rẹ̀ ṣùùrù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àárò ọkọ yín kò sọ yín ni?" Nurat ló bèèrè.

"Ó ń sọ mí díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe mọ?"

"Bí ìgbà tí eéwo bá jinná."

Ó dun Sàláwù nísàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Alákàn kan wọ inú ṣòkòtò péńpé rẹ̀, kò sì kan ilẹ̀kùn. Sàláwù pa eyín pọ̀. Alákàn náà ń wo yàrá kiri. Sàláwù ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀ sínú.

Ni Nurat bá gbé agbòòrùn. Irin ló wà nídìí rẹ̀, ó mú ṣóńṣó.

"Níbo ni kí n rì í mọ́?"

"Rì í mọ́ ibi tó ga díẹ̀ yẹn."

Ibi tó ga díẹ̀ yẹn ni ikùn Sàláwù.

GBÌ!

"YÉÈÈÈÈÈ! MO KÚ O!"

Ilẹ̀ là! Nǹkan fò jáde, ojú rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ yanrìn, alákàn ń fì nídìí rẹ̀ yẹ́ngẹ́yẹ́ngẹ́! Nurat sáré wọ òkun, ó rántí pé òun kò mọ̀wẹ̀, ó sáré jáde, ó gba inú igbó lọ. Gbọ́lágadé gun àgbọn. Ọkùnrin tí kò gun nǹkan kan rí ju àkàbà lọ! Àwọn apẹja ju àwọ̀n sílẹ̀.

Mùínàt nìkan ló dúró, ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ikùn náà. Ó mọ ikùn náà.

"Bàbá Ganiyat."

Sàláwù rọra fa alákàn yọ, ó jù ú nù, ó sì la ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ìyá Ganiyat? Àlùhámúdúlíláì! Ibo nìyí?"

"Badagry ni."

"Háà! Ìgbì ló gbé mi o! Mo ń wẹ̀ jẹ́jẹ́ mi ní Bàhámà..."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Láàárọ̀ yìí, láti Bàhámà?"

"Omi máa ń sáré níbẹ̀."

Ẹ gbà mí! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Gbọ́lágadé ti sọ̀ kalẹ̀ látorí àgbọn. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wúkọ́ bí ọ̀gá bọ́dà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ewu omi. Pásípọ́ọ̀tù yín ńkọ́?"

"Ó... ó wà ní Bàhámà."

"Ẹ wọ ìlú láìgba òǹtẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn yín o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Ibi tí ẹ ti wá la máa dá yín padà sí, ọ̀nà tí ẹ gbà wá náà lẹ sì máa gbà lọ."

Ojú rẹ̀ kò yí rárá. Mùínàt kọ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Apẹja! Ọkọ̀ ń bẹ?"

"Ó ń bẹ," ni Zinsu dáhùn, ojú tirẹ̀ náà le koko. "Ṣé Bàhámà tààrà, tàbí a máa yà níbì kan?"

Wọ́n gbé Sàláwù wùyà! Wọ́n jù ú sínú ọkọ̀, wọ́n tì í wọ omi: hó, hó, hó! Ìgbì àkọ́kọ́ dé, wàààà! ó kún ẹnu rẹ̀. Ìkejì ń bọ̀, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Ẹ dúróóó! N kò dé Bàhámà! N kò dé Lọ́ńdọ̀nù! N kò kọjá Ìkẹjà! Ẹ̀rù bàálù ló bà mí! Ìyá Ganiyat, gbà mí, ìhín yìí ni mo wà látọjọ́ yìí!"

Àwọn apẹja di ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Nurat jáde láti inú igbó, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Zinsu rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi.

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mùínàt tún ẹní rẹ̀ tẹ́, ó nà sórí rẹ̀ gbalaja.

"Ṣé ìsinmi yín kò tíì parí?" ló bi í.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan."

"Ó dáa. Èmi ni mo máa lò ó. Ẹ lọ dín ẹja."

Sàláwù dín ẹja fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ nídìí. Àwọn aya apẹja ń wá wò ó láti abúlé kejì.

Kí wọ́n tó padà dé Ajárá, ìròyìn ti kọjá ọ̀sà ṣáájú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ní èbúté Badagry fi yí ìpolówó wọn padà. "Bàhámà! Bàhámà! Ó ku ẹnì kan, ó fẹ́ gbéra o!"

Ọkùnrin kan dé láti Èkó lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó wọ kóòtù, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Ó gbọ́ ìpolówó, ó dúró sójú kan.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ ń lọ Bàhámà láti ibí?"

"Lójoojúmọ́, sà."

"Wákàtí mélòó ni?"

Ọlọ́kọ̀ wo ẹ̀pà tí ìyàwó ọkùnrin náà ń jẹ.

"Tí wọ́n bá rọra jẹ ẹ̀pà yẹn, á kù díẹ̀ tí a bá débẹ̀."

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí i? Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Èkó yẹn ti ń rẹ́ wa jẹ."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Ọkùnrin náà fa pásípọ́ọ̀tù méjì yọ nínú kóòtù, ó nà án sí ọlọ́kọ̀.

Ọlọ́kọ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá-sẹ́yìn, ó dá a padà.

"Ẹ fi sápò, sà. Ó lè tutù."