Ọjọ́ tí Omi Aró Sàídù Mọ́

Iṣẹ́ Sàídù ní Ajégúnlẹ̀ ni kó máa rẹ ògbólógbòó jíìnsì láró. Ìyá Rukevwe, onílé rẹ̀, ti búra pé bí omi dúdú bá tún gba gọ́tà iwájú ilé òun kọjá, òun yóò kó ẹrù rẹ̀ síta. Ni Tiwalọlá, àbúrò Sàídù tó ka kẹ́mísírì, bá gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé.

SÀÍDÙ: Àbúrò mi, gbà mí. Dúrọ́ọ̀mù omi aró ti kún dé ẹnu.

TIWALỌLÁ: Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Kẹ́mísírì tí mo kà, tíì ọ̀gá ni mo fi ń pò ní ọ́fíìsì wa ní Wharf Road. Òní ló máa kọ́kọ́ wúlò.

SÀÍDÙ: Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì?

TIWALỌLÁ: Oògùn tó ń mú àwọ̀ kúrò.

SÀÍDÙ (ó fò sẹ́yìn): Mú awọ kúrò? Lára ta ni?

TIWALỌLÁ: Àwọ̀ ni mo wí, mi ò wí awọ! Àwọ̀ aró inú omi. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó lè jó awọ náà.

SÀÍDÙ: Á à! Ó mọ iṣẹ́ méjèèjì!

TIWALỌLÁ (ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà): Pẹrọ́síìdì ni. Òun ló máa run aró yẹn. Ọ̀lẹ ni, ṣá. Bí kò bá rí irin, kò ní ṣe nǹkan kan.

(Sàídù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí dúrọ́ọ̀mù ká.)

TIWALỌLÁ: Kí lẹ ń ṣe?

SÀÍDÙ: Ṣé ìrìn yìí ò tíì tó ni?

TIWALỌLÁ: Irin, Bọ̀ọ̀dá! Irin tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́! Iyọ̀ tí wọ́n fi irin ṣe rèé. Kàtálíìsì ni wọ́n ń pè é: ó máa ń ti àwọn yòókù síṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán.

SÀÍDÙ: Èmi gan-an nìyẹn! Nígbà tí mo ń ṣe alábàárù ní Kirikiri, èmi ni mo máa ń pariwo “Ẹ gbé e!” Àwọn á gbé e, agbára tèmi ò ní tán. Ìdí tí wọ́n fi lé mi nìyẹn.

(Tiwalọlá da iyọ̀ irin àti pẹrọ́síìdì sínú omi. Omi náà hó yeeye.)

SÀÍDÙ: Yéè! Ó ti bínú!

TIWALỌLÁ: Ó ń ṣiṣẹ́ ni. (Ó rẹ ohùn sílẹ̀.) Mo rò bẹ́ẹ̀.

SÀÍDÙ: O rò?

TIWALỌLÁ: Ife kékeré ni mo fi ṣe é ní yunifásítì. Ife náà sì fọ́.

(Wọ́n jókòó, òógùn bò wọ́n. Nígbà tó yá, omi dúdú di pupa rúsúrúsú. Tiwalọlá bu láìmù, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, sí i. Ìdọ̀tí irin rì sísàlẹ̀, omi òkè mọ́ gaara.)

SÀÍDÙ: Mo rí ojú ara mi nínú omi aró! (Ó tún un wò.) Ó mà ṣe o. Aró ló ti ń bá mi bò ó láti ọjọ́ yìí.

TIWALỌLÁ (ó ń fò sókè): Ó ṣiṣẹ́! Èmi gan-an ò gbà gbọ́!

(Wọ́n da omi mímọ́ náà sí gọ́tà. Sàídù lọ yọjú níta, ó sáré padà wọlé.)

TIWALỌLÁ: Ìyá Rukevwe rí i? Ṣé inú wọn dùn?

SÀÍDÙ: Wọ́n ti mú igi! Wọ́n ń pariwo, “Who dey waste my borehole water?”

TIWALỌLÁ: Ẹ sọ fún wọn pé aró ni!

SÀÍDÙ: Mo ní aró ni, wọ́n ní irọ́ ni! (Ó na ọwọ́ sí ike aró.) Jọ̀ọ́, Tiwa, jẹ́ kí n ta díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè gbà pé omi ìdọ̀tí ni!