Lẹ́tà Kan Ló Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Ẹja Odò Wa

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ní ọjọ́ ọjà Apòmù kan tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Bí mo bá ti rántí ọjọ́ náà, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé létòlétò. Odò tó gba ẹ̀yìn ìlú wa kọjá lọ sí Àṣẹ́jíré ní ibú kan láàárín Ìkirè àti Apòmù, níbi tí ẹja máa ń yé sí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ti sọ ọ́ dàṣà láti máa da oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó sínú ibú náà. Ẹja á léfòó, ńlá àti kékeré. Wọ́n á ṣa àwọn tó tóbi, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kó máa rà. Omi yìí kan náà ni àwọn ọmọdé ń mu nísàlẹ̀ odò. Èmi àti àwọn mélòó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fòpin sí i. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, torí pé ìwé kíkọ mi mọ́, mi ò sì fẹ́ràn àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni mo fi rìn láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹni tó ṣòro fún mi jù láti bá sọ̀rọ̀ ni Bàbá Àjàní, olórí àwọn apẹja Apòmù. Àwọn apẹja ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja, wọ́n sì ní àwọn ò ní gbé e sílẹ̀ bí àwọn àgbẹ̀ ò bá gbé oògùn sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìhà méjèèjì gbà. Ṣùgbọ́n Bàbá Àjàní nàka sí mi.

“Tíṣà, ọjọ́ tí mo bá rí ẹja kan ṣoṣo tí oògùn pa, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ náà ni àwọ̀n wa á padà sómi.”

Láti ìgbà náà ni oorun mi ti dín kù.

Kí gbogbo èèyàn lè mọ̀, a pinnu láti ṣe bánà kan tí a máa so mọ́ afárá ní ọjọ́ ọjà. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún wọn ò gùn: “Ẹ má da oògùn sódò.” Mo fi í ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé, tó ń tẹ bánà ní Gbọ̀ngán. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Mo wò ó títí, mi ò rí àmì ohùn lórí a tó wà lára ‘má’. Inú bí mi díẹ̀. Mo pè é.

“Káyọ̀dé, wo lẹ́tà a tó wà lára ‘má’ yẹn. Kò pé. Fi kún un.”

“Kí n fi kún a, mà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, fi kún a. Ṣé mi ò kọ́ yín ni?”

“Ẹ kọ́ wa, mà. Ṣé kí n tún fi ránṣẹ́ kí ẹ wò ó, kí n tó tẹ̀ ẹ́?”

“Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Èmi tí mo kọ́ ẹ, mo mọ ohun tí mo kọ́ ẹ.”

Ọjọ́ ọjà pé. Àwọn ọlọ́kadà gba bánà lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbé e wá láti Gbọ̀ngán, wọ́n sì so ó mọ́ afárá láàárọ̀ kùtù. Èmi wà nílé ní Ìkirè, mo ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Rúkà ni, ọ̀kan lára wa, tó ń yan ẹja tà lẹ́bàá afárá. Kò mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀; èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì àwọn àgbà tí mo ń ṣe lọ́sàn-án Sátidé.

“Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé a ti yí ọ̀rọ̀ padà ni?”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“Èyí tó wà lára bánà. Ó ní ká máa da oògùn sódò.”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tíṣà. “Ìyá Rúkà, ìkánjú lẹ fi kà á. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ tún un kà.”

Ó tún un kà. “Tíṣà, a méjì ni mo rí.”

“Ẹ tún un wò.”

“Mo ti tún un wò. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé bó bá jẹ́ a kan, ẹ ní ká má ṣe é nìyẹn. Bó bá jẹ́ a méjì, ẹ ní ká máa ṣe é. Méjì ni o, Tíṣà. Wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn!”

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Fi kún a! Àmì ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ àmì. Káyọ̀dé ti fi a mìíràn kún a. Ohun tó wà lórí afárá, níṣojú gbogbo ará ọjà, ni Ẹ MÁA DA OÒGÙN SÓDÒ, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ wa nísàlẹ̀. Àmì ohùn rẹ̀ sì pé pérépéré.

Mo sáré jáde, mo gun ọ̀kadà. A ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé bàtà dúdú wà lẹ́sẹ̀ mi ọ̀tún, funfun sì wà ní tòsì. Èmi tí mo máa ń lé ọmọ padà sílé nítorí ìbọ̀sẹ̀!

Èèyàn ti pé jọ sẹ́nu afárá. Ọkùnrin kan gbé ọwọ́ sókè sí mi: “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹran wọ́n lọ́jà!” Mo gun àpótí ìjókòó Ìyá Rúkà, mo tú okùn apá kan. Ni afẹ́fẹ́ bá gbé bánà náà, ó fi wé mi látorí délẹ̀ bí ẹ̀kọ tó wà nínú ewé. Inú ibẹ̀ ni mo wà, tí mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, nígbà tí ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀.

“Làmídì àgbẹ̀ kòkó ti gbé kéègì oògùn rẹ̀ kọjá lọ síbi ibú. Ó ní ẹgbẹ́ ti gba àwọn láàyè. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ lónìí, ẹja ló fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò.”

Mi ò mọ bí mo ṣe já bọ́ nínú bánà yẹn. Èmi àti Ìyá Rúkà ki eré mọ́lẹ̀ lọ́nà odò. Ilẹ̀ ń yọ̀, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, bàtà funfun bọ́ sínú koríko etí odò, mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé etí ibú, Làmídì wà ní òdìkejì, ó ti gbé kéègì léjìká, ó ń ṣí ìdérí rẹ̀. Mo fi gbogbo agbára mi ké:

“Làmídì, má dà á!”

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé mo sọ. Ṣùgbọ́n èémí ti tán nínú mi, odò sì fẹ̀. Ohùn mi fà gùn: “Làmídì, máaaa dà á!”

Ó juwọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. “Mo ti fẹ́ dà á, mà! Ẹ ṣeun o!”

“Máaaaa!”

“Ó yá, mà!”

Ìyá Rúkà fi ìgbòǹwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Làmídì! Gbé e sílẹ̀!”

Làmídì gbé e sílẹ̀ wọ̀ọ́.

Ibi tí mo jókòó sí nínú ẹrẹ̀ ni Bàbá Àjàní fi ọkọ̀ ojú omi bá wa. Wọ́n ti ròyìn fún un. Ó wo kéègì, ó wo koríko tí oògùn díẹ̀ ti ta sí lẹ́sẹ̀ Làmídì. “A máa dúró wo omi,” ó wí. A dúró. Ewé kan ń léfòó bọ̀, mo nàgà wò ó. Lẹ́yìn náà ni ohun funfun kan yọ lábẹ́ koríko, inú rẹ̀ dojú sókè, ó ń fì lórí omi. Mo kígbe: “Ó ti kú! Àdéhùn ti bàjẹ́!”

Bàbá Àjàní fi àjẹ̀ gbé e. Bàtà mi ni.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí fóònù Káyọ̀dé dórí bàtà. Ó tẹ́tí títí mo fi parí. Kò sí ẹja kankan tó léfòó.

“Àwọn ọmọ mi tí ẹ kọ́,” ó wí, “bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kí lẹ máa ń ní kí wọ́n ṣe?”

“Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ nígbà ogún, bàbá.”

“Ẹ̀yin náà ẹ lọ kọ tiyín. Àdéhùn wà síbẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Ìyá Rúkà, níṣojú ọjà, mo kọ “Ẹ má” nígbà ogún. Ìyá Rúkà fi bírò pupa máàkì rẹ̀. “Mọ́kàndínlógún nínú ogún. Tíṣà, ẹ wo ìlà kẹtàlá. A méjì.” Òun náà ló sọ ohun tí a kọ sára bánà tuntun: Ẹ GBÉ OÒGÙN YÍN PADÀ SÍLÉ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá kọ ohun tó kan ẹ̀mí ẹlòmíràn, ẹ fún ẹlòmíràn kà kó tó jáde. Bí ẹni tí ẹ kọ́ bá sì sọ pé ẹ ṣì í, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tí ẹ ń kà yìí pàápàá, Ìyá Rúkà ló kọ́kọ́ kà á. Àṣìṣe méjì ló rí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún un kọ.