Ewú Ìyá Ràṣídá

Ọjọ́ Àlàmísì kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ràṣídá ọmọ mi ló gbé géèmù kan sórí fóònù mi, kí n má baà máa dá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi l'Ọ́jà'ba. Nínú géèmù náà, ẹni tí o bá mú jáde á di ọmọdé láti ọmọ ọwọ́, á di ọ̀dọ́, á di àgbà, á darúgbó.

Ìyá Ràṣídá, ìyàwó mi, ni mo fẹ́ mú jáde. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló kú, kí ewú kan ṣoṣo tó yọ lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé tí tòun bá dé, òun ò ní pa á láró. Ewú yẹn ni mo fẹ́ rí.

Géèmù bèèrè orúkọ. Láti ìgbà tí a ti bí Ràṣídá, n kò pe ìyá rẹ̀ lórúkọ mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó lọ síléèwé. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi tẹ "Ìyá Ràṣídá".

Ràṣídá wò ó. "Bàbá! Ọmọ ìkókó yìí? Ṣé ó ti bí mi kó tó hu eyín ni?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ibi tí wọ́n ti ń mú ọjọ́ yára hàn mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà rìn, ó di ọ̀dọ́. Ó yẹ kí n sinmi níbẹ̀, torí bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọn bùbá fún un. Ewú ló ń kán mi lójú. Nígbà tí orí rẹ̀ funfun báláú, mo fò dìde: "Ìyá Ràṣídá, o mà rẹwà o!"

Ìyá Jẹ́mílà tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé, ó ń wo abẹ́ tábìlì. "Bàbá Ràṣídá, ìyàwó tuntun dà? Ẹ mà gbé e pamọ́ fún wa!"

Wọ́n pèrun àsárì. Ìtìjú lé mi dé mọ́ṣáláṣí. Mo gbàgbé fóònù sórí tábìlì, ọjọ́ ṣì ń sáré nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, Ìyá Jẹ́mílà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú. "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ó kàn dùbúlẹ̀ ni. Sàréè ló kù." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Mo ṣe àmín. Omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ mi, ìyàwó kan náà ti kú fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ràṣídá bá mi dá a padà sí ọ̀dọ́. N kì í mú ọjọ́ yára mọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ewú tèmi ti kún, mo jókòó, mo ń retí tirẹ̀. Tí wọ́n bá pèrun, mo máa ń dá ọjọ́ rẹ̀ dúró ná, èmi nìkan á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sí mọ́ṣáláṣí.