Oyèkúnlé, Okùn Aláṣọ, àti Igba Òròmọdìẹ

Ẹ bá mi kí Oyèkúnlé! Ẹ kí Àlàó, ọmọ Làmídì tó wa ọkọ̀ agégedú fún ọdún mọ́kànlélógún, tí kò gbá ju ewúrẹ́ mẹ́ta lọ! Ẹ kí ọmọ-ọmọ Bángbádé, ẹni àkọ́kọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ abúlé Ìdí-Ahùn, tó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ti orí rẹ̀ ṣubú sínú odò níṣojú àwọn àna rẹ̀! Ẹ kí akọni tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, awakọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀gá ẹrẹ̀, ọ̀tá kòtò, ọkùnrin tó máa ń gbọ́ ìró mọ́tò tó rì láti orí ibùsùn rẹ̀, tí yóò sì ti wọ bàtà kí ìyàwó rẹ̀ tó bi í pé níbo ló tún ń lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ yin ènìyàn. Akọni yìí ti tẹ́ rí. Ní ọdún tó kọjá, ọkọ̀ àlùfáà rì sínú ẹrẹ̀ tó wà láàrin ọ̀nà wa yìí kan náà. Oyèkúnlé mú ṣéènì àwọn agégedú, ó so ó mọ́ bọ́m̀pà ọkọ̀ náà, ó tẹ mọ́tò tirẹ̀ tagbáratagbára, ó sì ń kọrin dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kó tó bojú wẹ̀yìn tó rí i pé bọ́m̀pà nìkan ló tẹ̀lé òun. Àlùfáà àti ìyókù ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Ìdí-Ahùn ti sọ ọ́ ní Afabọ́m̀pà, títí kan àwọn tí wọn kò ní mọ́tò, tí wọn kò sì ní bọ́m̀pà kankan tó lè já.

Ẹlòmíràn ì bá kó lọ sí ìlú mìíràn. Àlàó kò kó lọ. Ó gba ọ̀nà igbó lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa ọkọ̀ agégedú jáde nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó sì gbé okùn kan bọ̀. Okùn aláṣọ ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, wọ́n ran ojú rẹ̀ méjèèjì ní ìlọ́po, wọ́n sì kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè fà sí i lára. Kì í jẹ́ kí oòrùn pa á, kì í jẹ́ kí epo kàn án, kò sì sí ọmọ ènìyàn tó gbọ́dọ̀ fi í sá aṣọ. Nígbà tí àwọn ará ilé wa rí i, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní ọ̀já ìpọnmọ ni Afabọ́m̀pà rà bọ̀, pé bóyá ó fẹ́ máa pọn mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn òjò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ni wàhálà náà. Ìyá Morádékẹ́ ni, opó tó ń gbé lókè odò. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀, tó ń mọ ilé adìẹ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kan páànù sí i lórí. Ọjọ́ yẹn ni àwọn tí yóò gbé inú ilé náà ń bọ̀: igba òròmọdìẹ tó jáde nínú ẹyin ní àná, nínú páálí oníhò, nínú bọ́ọ̀sì Rájí.

Rájí rí ẹrẹ̀ náà lókèèrè, ó sì rò pé òun lè sáré fò ó. Kò fò ó. Bọ́ọ̀sì náà jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ìyá àgbà tó délé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rì ju iwájú lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn há sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kọjá ibi àgádágodo. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ti bàjẹ́ tipẹ́, wẹ́dà ti jó o pa. Irin ló dínà láàrin ibi tí Rájí jókòó sí àti ibi tí ẹrù wà. A fi ọkọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò nídìí ilẹ̀kùn náà, bí a ṣe ń kó o ni òmíràn ń ṣàn padà. Oòrùn sì ti yọ. Àárín páànù ni àwọn òròmọdìẹ náà wà, kò sí omi, kò sí atẹ́gùn, gbogbo wa sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Bí bọ́ọ̀sì yìí kò bá jáde kí ọ̀sán tó pọ́n, òfìfo ni ilé adìẹ Ìyá Morádékẹ́ yóò wà.

Ìgbà náà ni Oyèkúnlé wa píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ dé, ó dúró sí orí ilẹ̀ líle níwájú bọ́ọ̀sì náà, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn aláṣọ rẹ̀ léjìká. Ṣùgbọ́n Bàbá Adéyanjú ti ṣíwájú rẹ̀ dé. Bàbá Adéyanjú ni àgbà adẹ́mu ìlú wa, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló mú dání, ó sì gbé agbè ẹmu rẹ̀ lé orí kùkùté kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ẹ so èyí mọ́ ọn," ni bàbá wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi hun ún. Ó ti gbé mi dé orí gbogbo ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀ yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni Oyèkúnlé dáhùn, "ẹ̀yin ni ó lè gbé. Kò lè fa mọ́tò."

Ní Ìdí-Ahùn, ènìyàn lè sọ fún àgbàlagbà pé ilé rẹ̀ ń jò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ fún un pé okùn rẹ̀ kò yi. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀, Afabọ́m̀pà?"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn àgbà yòókù ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo ti bàbá, pé ohun tó yẹ nìyẹn. Báyìí ni a ṣe máa ń ṣe é níbí: okùn tó dàgbà jù ni a máa ń kọ́kọ́ so, kì í ṣe èyí tó lágbára jù. Akọni wa mọ̀ pé bí òun bá jiyàn, ọ̀sán yóò pọ́n lórí iyàn náà. Ó gba igbà, ó so ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, ó rí gbogbo ìlú létí okùn, ẹlòmíràn gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹlòmíràn dá a kọjá, bàbá fúnra rẹ̀ dúró ti kùkùté, ó ń fọwọ́ pa igbà rẹ̀ lórí bí ẹni tó ń kí ọmọ. Oyèkúnlé ti rí ohun tí okùn tó já lè ṣe nínú igbó.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ Làmídì ṣe o! Kò bú ẹnikẹ́ni, kò ti ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ náà ni, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, pẹ̀lú gbogbo ikùn yẹn, ó nà gbalaja níwájú àwọn àgbà Ìdí-Ahùn, ẹrẹ̀ sì ta sí agbádá olóyè méjì.

"Dìde, ó tó," ni wọ́n wí.

"Mi ò ní dìde, ẹ̀yin bàbá mi, àfi tí gbogbo yín bá lọ dúró sábẹ́ igi kajú ọ̀hún."

Wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó tún dojú bolẹ̀ sí i. Ta ló lè fi ọmọlúàbí sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láìdáhùn? Wọ́n ń kùn, wọ́n ń fa agbádá, wọ́n lọ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà lọ. Bàbá Adéyanjú ló lọ kẹ́yìn, ó sì fi agbè rẹ̀ sílẹ̀ lórí kùkùté pé òun ń padà bọ̀.

Oyèkúnlé bọ́ sínú píkọ́ọ̀pù, ó rọra wà á lọ síwájú. Igbà náà le gbandi, ó dún kẹrẹkẹrẹ, ó já pàù! Apá kan rẹ̀ fò padà, ó sì gbá agbè náà fọ́ yángá lórí kùkùté. Ẹmu ṣàn wọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Adéyanjú kàn gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, nítorí ibi tí agbè náà dúró sí gan-an ni àyà rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Ìgbà yìí ni ọ̀já jáde! Oyèkúnlé fi ìka tọ etí rẹ̀ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá ibi tó gé, kò rí ọ̀kan. Ó ní kí Rájí kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà. Ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó wo bọ́m̀pà, bọ́m̀pà wò ó, àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ó fi í sílẹ̀, ó wá òrùka irin tí wọ́n jó mọ́ ṣáásí, ibẹ̀ ló so okùn mọ́. Kò lo ìkọ́ onírin kankan, torí irin tó bá fò kì í béèrè orúkọ ẹni. Ó rẹ àpò ìrẹsì sínú omi, ó gbé e lé àárín okùn náà, pé bó bá já, àpò yóò fà á lulẹ̀.

Ó wá ku Ìyá Morádékẹ́. Ó ti yọ́ padà sídìí bọ́ọ̀sì, ó fi etí lé ara irin, ó ń sunkún.

"Ohùn wọn ti ń dín kù," ni ó wí. "Àlàó, mi ò gbọ́ wọn dáadáa mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún. Màá pè yín kẹ́ ẹ wá ṣílẹ̀kùn fúnra yín."

Ó lọ. Oyèkúnlé gun píkọ́ọ̀pù. Kò já a gbà, kò fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Píkọ́ọ̀pù náà rọra lọ, okùn aláṣọ nà, ó ń nà sí i títí tí ẹ̀rù fi bà wá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì padà. Ẹrẹ̀ sọ pé òun kò gbà. Okùn ní ó di dandan. Rájí tẹ mọ́tò láti inú bọ́ọ̀sì, táyà yí, ẹrẹ̀ mí pọ̀ọ̀ọ̀, bọ́ọ̀sì náà sì jáde, pẹ̀lú bọ́m̀pà rẹ̀ lódindi! Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án péré ló rìn, ṣùgbọ́n ní Ìdí-Ahùn, kò sí ìrìn-àjò tó tó o.

Oyèkúnlé pe Ìyá Morádékẹ́ bó ti ṣèlérí. Ó ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn wọlé, igbe òròmọdìẹ sì gba gbogbo ọ̀nà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dùbúlẹ̀. Wọ́n kán omi sí i lẹ́nu, òun náà gbọnra, ó dìde. Igba ló pé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń sunkún, ó so okùn aláṣọ náà mọ́ àyà bí ẹni pé ọmọ wà nínú rẹ̀. Òun, Rájí àti Oyèkúnlé wọ mọ́tò, wọ́n kọrí sílé adìẹ.

Aago méjì ọ̀sán ni Oyèkúnlé padà wá mú àpò ìrẹsì rẹ̀. Ó ṣì bá gbogbo wa lábẹ́ igi kajú. Olóyè méjèèjì wà níbẹ̀, àwọn àgbà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro èmi náà. Bàbá Adéyanjú ṣí fìlà, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ilẹ̀ lè gbọ́:

"Ìdí-Ahùn, ẹ gbọ́ o! Láti òní lọ, bí okùn bá ti wà lára mọ́tò, kò sí bàbá, kò sí olóyè. Abẹ́ igi kajú ni gbogbo wa ń lọ, Àlàó ló sì ń pàṣẹ. Ẹni tó bá tún pè é ní Afabọ́m̀pà, kò ní mu ẹmu mi mọ́ láyé!"

A hó yèè. Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àlàó, jọ̀ọ́, ṣé a lè máa lọ sílé báyìí?"

Ọmọ Làmídì wo ojú ọ̀nà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó rí i pé kò sí okùn kankan nílẹ̀.

"Ẹ lè máa lọ, ẹ̀yin bàbá mi."

A sì lọ.