Dayọ̀ Gbé Ọkọ̀ Bàbá Olówòkéré fún Lawrence

Ọjọ́ tí Dayọ̀ fẹ́ fi JavaScript gba ìyàwó, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi àjẹ̀ là á lórí ní jẹ́tì Ìgbókòdá.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Moríkẹ́ ló ń fẹ́. Bàbá Moríkẹ́, Olówòkéré, ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láti Ìgbókòdá lọ sí Zion Pepe, kò sì rí ohun tí ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ fẹ́ fún ọmọ òun jẹ. Dayọ̀ bá ní òun á ṣe ojúùwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, kí èrò lè máa rí ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra lórí fóònù wọn. Bàbá ní tó bá ṣiṣẹ́, kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Dayọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà! Ibi tó kà á dé ni ibi tí wọ́n ti ń kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ nǹkan kan sínú àpò kan. Ó ṣe àpò fún ọkọ̀ Bàbá: orúkọ ọkọ̀, iye èrò, oníǹkan. Tó bá ti kọ ọkọ̀Bàbá.oníǹkan, kíá ni kọ̀ǹpútà á dáhùn pé Olówòkéré. Orí rẹ̀ wú.

Lawrence, ọlọ́kọ̀ kejì tó máa ń tò sẹ́yìn Bàbá ní jẹ́tì, ní kó fi tòun náà sí i. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí Dayọ̀ ṣe àpò tuntun. Ó kàn kọ ọ́ pé ọkọ̀Lawrence = ọkọ̀Bàbá, ó rò pé òun ti ṣe ẹ̀dà, ló bá yí oníǹkan tọ̀hún sí Lawrence.

Kò mọ̀ pé àpò kan ṣoṣo lòun sọ lórúkọ méjì. Bíi kéèyàn máa pe Tẹ́ní ní Ìyá Sunday ni. Tóo bá fá orí Tẹ́ní, orí Ìyá Sunday náà ti dán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Princess tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Zion Pepe na fóònù sí Bàbá, ó bi í pé ìgbà wo ló ta ọkọ̀ rẹ̀ fún Lawrence.

Fìì! Bàbá fa àjẹ̀ yọ.

"Dayọ̀, o ta ọkọ̀ mi?"

Dayọ̀ gbé kọ̀ǹpútà ka orí apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó sáré yí ọkọ̀Bàbá.oníǹkan padà sí Olówòkéré, ó na fóònù sí Bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó jẹ́tì.

Bàbá wò ó. Ó tún un wò.

Ọkọ̀ Bàbá: Olówòkéré.

Ọkọ̀ Lawrence: Olówòkéré.

Ojú Bàbá rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó fa Dayọ̀ dìde, ó ní nínú gbogbo àwọn tó ti wá tọrọ ọmọ òun, kò sí èyí tó ronú kan ọkọ̀ rí. Ló bá kọjá sínú ọkọ̀ Lawrence, ó jókòó ti ẹ́ńjìnì. Lawrence ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ níbẹ̀.

"Lawrence, rọra sọ̀ kalẹ̀. Àna mi ti rà á fún mi."