Afáà Búrẹ́mọ̀, Alámòójútó Irun Onírun

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Aládé tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń bẹ̀ pé kó rọra tẹ òun, tí èékánná ìka kékeré rẹ̀ gùn débi tó lè fi bó ọsàn, Búrẹ́mọ̀ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Afáà. Ó ní ìbùkún ló wà nínú èékánná náà.

Abọ́ tánganran ló ń tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe abọ́ ló ń bọ́ ọ. Bí àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kí ìrun, bẹ́ẹ̀ lòun ń kó irun. Ó ti kọ́ wọn pé ẹni tó bá gé èékánná lálẹ́ ń pe òṣì wọlé, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò dára fún orí fífá, àti pé bí iná bá jó irun ènìyàn, olúwarẹ̀ yóò ya wèrè. Kí wọ́n máa di irun àti èékánná wọn sínú bébà wá fún òun. Òun yóò rì í sí ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè pẹ̀lú àdúà tí òun nìkan mọ̀. Àkùkọ kan ló máa ń tẹ̀lé ìdì kọ̀ọ̀kan. Olúrónkẹ́ onídìrí, ọmọ ìjọ Aládùúrà, pàápàá ń gbé tirẹ̀ wá. Ó ní ìṣọ́ra méjì kò pọ̀ jù fún orí kan.

Lọ́dún tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, Sìdí aláṣọ fẹ́ fi ọmọ rẹ̀, Àìníà, fún Tàjùdéèn ará Owena. Àgbò kan ṣoṣo ló ní tí wọn yóò pa fún wàlímà, àsè ìgbéyàwó náà. Ojú Búrẹ́mọ̀ kò kúrò lára àgbò náà.

Lálẹ́ tí yìgì ku ọ̀la, ó bá Àìníà níbi tó ti ń gé èékánná kí wọ́n tó lé làálì fún un. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ó sọ fún Sìdí pé èékánná alẹ́ ti dí ojú ilé ọmọ ọmọdébìnrin náà báyìí, àfi bí àgbò bá wọ ilé òun kí ilẹ̀ tó mọ́. Sìdí sunkún, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àgbò lọ.

Ní òwúrọ̀, Ìmáàmù Owena tó wá so yìgì rí ìkòkò ọbẹ̀ tí kò léran. Ó bi Sìdí, Sìdí sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìmáàmù ní kí wọ́n pe Afáà wá. Búrẹ́mọ̀ rò pé àga iwájú ló ń dúró de òun. Ó dé, ó tẹ́ apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìmáàmù ní, “Afáà, níbo lẹ ti kà á pé a kì í gé èékánná lálẹ́?”

“Ó wà nínú kéwú.”

“Ẹ kà á fún wa.”

Búrẹ́mọ̀ wúkọ́, ó gbé ohùn sókè, ó kà á dé òpin. Àwọn èèyàn ṣe àmín.

Ìmáàmù ní, “Fátíhà nìyẹn.”

Ó wá sọ fún gbogbo wọn pé ohun tí Ànábì kọ́ wa ni pé kí á gé èékánná, kí á gé irunmú, kí á mú irun abíyá kúrò, kó má sì ju ogójì ọjọ́ lọ. Ìmọ́tótó ni. Kò sí ọjọ́ tó burú fún un, kò sì sí òṣì nínú alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ lè rì í. Ẹni tó dà á nù kò dẹ́ṣẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ìka Búrẹ́mọ̀.

“Ogójì ọjọ́ mélòó lèyí?”

Ẹ̀rín sọ. Búrẹ́mọ̀ dìde, ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé bí òun bá lọ hú irun tí òun ti rì jáde, tí òun sun ún, orí ẹnikẹ́ni kò ní pé mọ́ ní Aládé. Olúrónkẹ́ di gèlè rẹ̀ mú.

Àrìnkẹ́, ìyàwó Búrẹ́mọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ tó ti ń lọ ata. Láti ọjọ́ tí àkùkọ ti ń wọlé, itan kan kò kàn án rí.

Ó ní, “Baálé mi, irun wo lẹ rì? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ máa ń jù ú sí. Èmi ni mo fi ń dáná adìyẹ wọn.”

Àwọn èèyàn wo ara wọn lójú, bóyá ẹnìkan ti ya wèrè láàárín wọn. Olúrónkẹ́ rọra béèrè bóyá tòun náà wà níbẹ̀.

“Tìẹ ló máa ń tètè gbiná jù,” Àrìnkẹ́ dá a lóhùn. “Àdí pọ̀ lára rẹ̀.”

Sìdí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kó àwọn obìnrin lẹ́yìn, wọ́n lọ tú àgbò lókùn nílé Búrẹ́mọ̀, wọ́n ń fi orin ìyàwó mú un bọ̀. Ọ̀nà àdúgbò náà tóóró. Wọ́n pàdé Búrẹ́mọ̀ tó ń yọ́ lọ sílé, ẹnìkankan kò sì yà fún un. Òun ló bọ́ sínú gọ́tà kí àgbò lè ráàyè kọjá.